"Kì í" àti "kò tíì": ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ kan sí méjì lórí àyẹ̀wò ohun tó hù níwájú ẹyinjú

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, Okun o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìsánlú gbé wá. Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: ẹ̀gbọ́n ń ṣe ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn tí nǹkan bá hù sí níwájú ojú, kí wọ́n lè mọ irú àyẹ̀wò tí dókítà máa ń ṣe kó tó mú abẹ. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó há a lọ́fun ni "noninvasive imaging", ìyẹn àwòrán tí wọ́n ń yà láìgé ara, láìgún un. Ó pè é ní "àwòrán aláìgbóguntini", ó sì ní kí a bá òun wò ó. Àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin ní "àwòrán aláìfarakan" ló dára. Bàbá wa ní Mopa ní "àwòrán aláìlábẹ" ló yé òun. Ẹnìkan tún ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ṣebí OCT náà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ojú, ni gbogbo ayé ń pè ní OCT.

Mi ò lè fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Àwọn míràn nínú yín gbọ́ ọ jù mí lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti jó mi lọ́wọ́ rí, mo sì mọ ibi tó ti ń jó ni.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, àgbẹ̀ ni ní apá Ìjùmú. Láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ ló ti ń lọ oko iṣu àti oko kòkó, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nǹkan kan hù lójú rẹ̀ ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ imú, níbi tí funfun ojú ti pàdé dúdú. Ó funfun díẹ̀, ó ki, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì kóra jọ sí ìdí rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ẹran ojú lásán ni, pé atẹ́gùn àti eruku ló fà á. Ó ń ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun dúdú ojú, mo gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan lókèèrè. Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dókítà ní àwọn máa kọ́kọ́ ṣe "noninvasive imaging". Mo yíjú sí Màmá Kékeré, mo ní, "Wọn ò ní fi abẹ kàn yín." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ya àwòrán náà, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Dókítà wò ó títí, ó ní ohun tí òun rí ń fu òun lára, pé kí wọ́n gé e kúrò kí wọ́n sì yẹ ẹran rẹ̀ wò. Mo túmọ̀ èyí náà. Màmá Kékeré dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní wọn ò ní fi abẹ kàn mí?" A padà sílé láìṣe nǹkan kan. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ká padà lọ.

Wọ́n gé e. Ìwé èsì dé, mo tún rí "non-invasive" nínú rẹ̀. Mo rò pé bí àyẹ̀wò náà ṣe rí ni wọ́n ń sọ, bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo sọ fún un pé, "Wọ́n ní àyẹ̀wò náà ò ṣe yín ní jàǹbá." Ó ní òun mọ̀, pé ojú kàn ń ta òun díẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ló pè mí sẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe àyẹ̀wò ni ìwé ń sọ, ohun tí wọ́n gé náà ni: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà tó lè di jẹjẹrẹ tó ń jẹ wọnú, àmọ́ kò tíì kọjá awọ òkè. Ó lè padà hù, nítorí náà kí màmá máa kán oògùn tí wọ́n kọ fún un, kó sì máa wá fún àwòrán lásìkò lásìkò. Gbogbo ìyẹn wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ti kà kọjá.

Yorùbá ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ ò lè sọ pé àìgbọ́ èdè ló ṣe mí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ méjì nínú yàrá kan náà, èmi sì wá ọ̀rọ̀ kan fún un.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn àbá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Aláìgbóguntini" kọ́kọ́. Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti mú un: Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ ogun tó ń wọ̀lú sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní Yorùbá òní, kí ni a máa ń gbógun tì? Ibà ni. Ìwà ìbàjẹ́ ni. Oògùn olóró ni. Nígbàkigbà tí rédíò bá sọ pé ìjọba ń gbógun ti nǹkan, nǹkan búburú ni. Bí ẹ bá wá sọ fún aláìsàn pé àwòrán rẹ̀ jẹ́ aláìgbóguntini, á ṣe é bíi pé àwòrán náà kọ̀ láti bá àrùn jà. Ọ̀rọ̀ náà yí ìtumọ̀ padà pátápátá.

"Aláìfarakan" gba kí n dúró díẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ òótọ́, àfi ká mọ bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ká tó rí ibi tó ti kùnà.

Ẹ̀rọ OCT, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1991 ni David Huang, James Fujimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, ẹ̀yìn ẹyinjú ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Nígbà tó fi máa di 1994 wọ́n ti ń fi ya iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àwọn àpáta tó yí Kabba ká, tó sì pariwo, á mọ gbohùngbohùn. Ohùn á lọ, á kan àpáta, á padà. Bí àpáta bá ṣe jìnnà tó ni ohùn á ṣe pẹ́ tó lọ́nà. Bí ìmọ́lẹ̀ OCT ṣe ń ṣe nínú awọ ojú nìyẹn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ yára ju kí aago ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń pín in sí méjì: ó rán ọ̀kan sójú, ó rán èkejì sí dígí kan tó ti mọ bó ṣe jìnnà tó, nígbà tí méjèèjì bá padà pàdé, ó wò bóyá ìgbì wọn bára mu. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan nínú awọ náà ṣe jìn tó.

Ẹ mú mílímítà 1, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1000. Ẹ̀rọ yìí lè ya ohun méjì tí ààrin wọn ò ju nǹkan bíi 5 lọ nínú 1000 náà sọ́tọ̀. Awọ òkè pátápátá tó bo ibi tó mọ́ gaara níwájú ojú, gbogbo sísanra rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 50 lọ. Nínú irú ohun tí Màmá Kékeré ní, awọ òkè yẹn gan-an ló máa ń nípọn, tó máa ń funfun yòò nínú àwòrán, tí ẹ ó sì rí ibi tí awọ rere ti dópin tí èyí tó bàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lójijì, bí ìgbà tí ọ̀dà bá parí lójú títì tí ilẹ̀ pupa gbà á. Tó bá jẹ́ ẹran ojú lásán ni, awọ òkè á wà bó ṣe yẹ kó wà, abẹ́ rẹ̀ ni ẹran náà á ti ki. Ohun tí àwọn ará ilé wa ń fi ojú lásán pè ní nǹkan kan náà, àwòrán lè yà wọ́n sí méjì. Ibí yìí ni inú mi ti ń bàjẹ́ tí mo bá rántí oṣù mẹ́ta yẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, OCT ò fara kan ojú. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé orí pátákó kékeré, á wo ọ̀kánkán, ó parí. Fún un, "aláìfarakan" jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kejì wà, èyí tí Charles Pavlin àti Stuart Foster ṣe ní Toronto, ní Kánádà, ní nǹkan bí ọdún 1990. Ìró ni òun ń lò, bíi skáànì tí wọ́n ń ṣe fún aboyún, àmọ́ ìró rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ fíìfíì. Etí èèyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí ìgbì 20,000 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ń lo nǹkan bíi mílíọ̀nù 50. Kò lè rí ohun kékeré tó ti OCT, àmọ́ ó ń jìn jù ú lọ, ó ń dé nǹkan bíi mílímítà 4 sí 5 nínú ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ OCT, bó bá ti dé ẹ̀yìn aṣọ dúdú tó yí ọmọlójú ká, àwọ̀ dúdú náà á dá a dúró, òjìji á bo ohun tó wà lẹ́yìn. Ìró ò ka dúdú sí. Nítorí náà, bí ohun tó hù bá fara pamọ́ sẹ́yìn ibẹ̀, ìró ni wọ́n ń wá a fún. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á kán oògùn tó ń pa ìrora, wọ́n á gbé ife kékeré lé ẹyinjú, wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀, wọ́n á wá ki ẹnu ẹ̀rọ bọ omi náà. Ó fara kan ojú, ó kàn án dáadáa. Síbẹ̀ kò gún un, kò gé e. Ẹ̀kẹta tún wà, awò ńlá kan tó ń fẹnu kan ojú tó sì ń fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn. Òun náà ò dá egbò sílẹ̀.

Àbúrò mi ní Ìlọrin, ṣé o rí i báyìí? Bí a bá kọ "aláìfarakan" fún gbogbo wọn, ẹni tí wọ́n bá gbé ife lé lójú á ní irọ́ la pa fún òun. Ọ̀rọ̀ rẹ dára, iṣẹ́ ẹlòmíràn la fẹ́ gbé fún un. Jẹ́ ká fi í pamọ́ fún OCT nìkan, níbi tó bá ti yẹ ká sọ fún aláìsàn pé kò sí ohun tó máa kàn án lójú.

"Aláìlábẹ", Bàbá, ẹ ti gbọ́ ohun tó fi ojú mi rí. Ẹni tó bá gbọ́ pé kò sí abẹ á rò pé títí dé òpin ni. Yàtọ̀ sí èyí, abẹ́rẹ́ kì í ṣe abẹ, abẹ́rẹ́ sì ń gún ni. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa omi nínú ẹyinjú láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí abẹ níbẹ̀, ṣé a ó wá kà á mọ́ àwọn wọ̀nyí?

Ti pé ká fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. OCT jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ, bíi rédíò. Èyí tí à ń sọ yìí, ìlérí tí à ń ṣe fún aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. A kì í ṣe ìlérí fún èèyàn ní èdè tí kò gbọ́.

Àbá tèmi ni "àyẹ̀wò àìdọ́gbẹ́". Dá ọgbẹ́, dọ́gbẹ́. À ń wí pé ọ̀rọ̀ kan dọ́gbẹ́ síni lọ́kàn, gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ ronú kan "aláìlọ́gbẹ́", mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀, títí mo fi sọ ọ́ sókè fún aládùúgbò mi kan tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń yin àyẹ̀wò bí ẹni ń yin Ọlọ́run. "Aláìlẹ́gbẹ́" ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí ìyìn Ọlọ́run ní fáwẹ̀lì kan péré, tí wọ́n sì máa pè láti ẹnu nọ́ọ̀sì tó ń kánjú, kò ṣeé fi lélẹ̀. Mo tún wo "àìdápàá". Àpá ni ohun tó ń kù lẹ́yìn tí egbò bá jinná, ohun tí à ń bẹ̀rù lọ́jọ́ àyẹ̀wò sì ni egbò gan-an. "Àìdọ́gbẹ́" ní ìṣe nínú: àyẹ̀wò náà ni kò dá ọgbẹ́. Níbi tí àyè bá wà, ẹ jẹ́ ká là á sílẹ̀ pátápátá: "àyẹ̀wò tí kì í dá ọgbẹ́ síni lára".

"Kì í" yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Gẹ̀ẹ́sì fi "non" kan náà síwájú àyẹ̀wò àti síwájú ohun tó hù. Yorùbá ò gbà fún un. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, ìwà rẹ̀ là ń sọ, bó ṣe máa ń rí lánàá, lónìí àti lọ́la: kì í dá ọgbẹ́. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun tó hù, ibi tó dé títí di òní là ń sọ: kò tíì wọnú. Ẹni tó bá gbọ́ "kò tíì" ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé pé ó lè wọnú lọ́la. Bí mo bá sọ pé ọmọ náà kì í jáde, ẹ ó fọkàn balẹ̀. Bí mo bá sọ pé kò tíì jáde, ẹ ó máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìwé èsì Màmá Kékeré, "kò tíì" ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ò fi hàn mí, Yorùbá ì bá ti fi hàn án, ká ní mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yàn nínú méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ká fi "àì" dá ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀ fún ohun tó hù. "Àì" ń gbé "kì í" àti "kò tíì" mì papọ̀. Fún àyẹ̀wò, kò burú, torí pé "kì í" nìkan ló wà níbẹ̀. Fún àrùn, ẹ jẹ́ ká gba pé kí gbólóhùn gùn: "èéhù tí kò tíì ta gbòǹgbò", "èéhù tó ti ta gbòǹgbò".

Ẹ ó bi mí pé níbo ni èéhù ti wá. Ẹ̀gbọ́n kọ "kókó iwájú ojú", ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ló sì ń fún mi ní ìdààmú. Ojú lè jẹ́ ohun tí a fi ń ríran, ó lè jẹ́ gbogbo iwájú orí láti ibi irun dé àgbọ̀n. Mo sọ "kókó iwájú ojú" fún ẹni mẹ́rin ní ọjà Kabba. Mẹ́ta fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Ẹ jẹ́ ká máa lo "ẹyinjú" níbi gbogbo tí a bá ń sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí: "iwájú ẹyinjú". Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan iwájú orí fún ìyẹn.

Kókó ńkọ́? Kókó ń le, ó ń yọ gọngọ, bíi kókó ara igi. Èyí tó bá wà nínú ẹyinjú, lára aṣọ dúdú tó yí ọmọlójú ká, ẹ pè é ní kókó, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ti orí awọ lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí àbàwọ́n funfun, tàbí kó rọ̀ bí ògì tó dì. Ẹni tó ń wá kókó ò ní rí i. Jẹjẹrẹ ni àwọn kan ń sáré pè é, èyí sì burú jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹni tó bá sì gbọ́ jẹjẹrẹ lè má dúró gbọ́ ìyókù.

Èéhù, àwa tó ń gbin iṣu mọ̀ ọ́n. Iṣu wà nínú àká, ó yọ èéhù. Èéhù ò sọ pé iṣu ti jẹrà, ó kàn sọ pé ohun tuntun ti yọ lára ohun tó wà tẹ́lẹ̀, kí olóko wá wò ó. Bí kò bá tíì ta gbòǹgbò, ọwọ́ la fi ń rẹ́ ẹ kúrò, iṣu á sì wà. Bó bá ti ta gbòǹgbò, ó ti di ọ̀rọ̀ míràn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ohun rere ni èéhù, pé òun la ń retí lójú ebè. Òótọ́ ni, mi ò sì rí ìdáhùn tó pé sí i, yàtọ̀ sí pé a kì í retí rẹ̀ lára iṣu tó wà nínú àká, bẹ́ẹ̀ la ò retí rẹ̀ lójú. Ẹlòmíràn á ní bí a bá sọ pé àrùn ti ta gbòǹgbò, aláìsàn á gbà pé ó ti parí fún òun. Èyí ni mo bẹ̀rù jù. Ìwé ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí èyí tó ti ta gbòǹgbò, nínú ìpínrọ̀ kan náà, kó má jẹ́ ojú ìwé kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé náà mẹ́nu kan oòrùn. Ìtànṣán oòrùn wà lára ohun tó ń fa èéhù orí awọ ẹyinjú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba ló sì ń rí i jù. HIV náà ń dá kún un, ó sì ń jẹ́ kó mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀. Ẹni tó bá rí i lójú ara rẹ̀ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí a kọ ọ́ láìfi ìtìjú kún un.

Lórí orúkọ ẹ̀rọ, mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Skáànì ni àwọn èèyàn wa ń pè é, ẹ jẹ́ kó jẹ́ skáànì. Skáànì ìmọ́lẹ̀, skáànì ìró. Ẹ má kọ "onímọ́lẹ̀", nítorí lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn, "onimole" ni yóò jáde, ẹni tó ń bọ imọlẹ̀ sì lè jẹ́ onimole. Ẹ má sì kọ "oníná". Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ki iná bọ òun lójú.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ pé àwòrán náà "ń sọ àrùn tó jẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Àwòrán ń fi bí ó ṣe nípọn hàn àti ibi tó dé. Ó ń fún dókítà ní ìfura tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kán oògùn, ó lè fi èyí tó ṣẹ́kù hàn lábẹ́ awọ tí ojú lásán ti rí pé ó mọ́, kí aláìsàn má baà jáwọ́ nínú oògùn kó tó yá. Ohun púpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí èéhù bá nípọn jù tàbí tó dúdú, òjìji á bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ò ní rí ìdí rẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé, tí wọ́n gbé sábẹ́ awò, òun ló ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni àti bóyá ó ti ta gbòǹgbò. "Ìfura" àti "ìfìdímúlẹ̀": ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti kọ ìpínrọ̀ náà fún ìwé ẹ̀gbọ́n. Ó lọ báyìí:

"Àyẹ̀wò tí a fẹ́ ṣe lónìí kì í dá ọgbẹ́ síni lára. Ìmọ́lẹ̀ ni a ó fi ya àwòrán èéhù tó wà níwájú ẹyinjú yín, kò sí ohun tí yóò fara kan ojú. Àwòrán náà yóò fi hàn wá bí ó ṣe nípọn tó àti ibi tó dé. Bí a bá rí ohun tó fu wá lára, a lè ní láti gé e lọ́jọ́ mìíràn kí a sì yẹ ẹran rẹ̀ wò, kí a lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, àti bóyá ó ti ta gbòǹgbò tàbí kò tíì ta á."

Mo kà á fún Màmá Kékeré lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní òun gbọ́ ti ọgbẹ́, òun gbọ́ ti gbòǹgbò, pé ká ní bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́sí nìyẹn, àwọn ì bá má padà sílé. Ó ní ibì kan ló kù. "A lè ní láti gé e": òun ò mọ̀ bóyá èéhù ni wọ́n fẹ́ gé tàbí ẹyinjú.

Mo ti fi "gé èéhù náà" rọ́pò "gé e". Mi ò fi kún un pé ẹyinjú á wà níbẹ̀, nítorí ìlérí tí dókítà nìkan lè ṣe nìyẹn, mo sì ti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún un ṣe nínú tiyín kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.